Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ń rùn, ó ń fò, wọ́n ní mótọ̀ ẹ̀ ti jó: ṣé kí n sanwó àbí kí n ra òmíràn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ là ń gbé, lápá Under-G níbí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa, èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wà níwájú, ó ti lé lọ́dún méjì tá a ti rà á. Ní báyìí tí mo bá ti ṣí i ó ń rùn bí omi gọ́tà, aṣọ dúdú á máa jáde pẹ̀lú nǹkan funfun funfun lára, tó bá wá dé ibi tó ti ń fún aṣọ, á máa fò káàkiri ilẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bá dúró pátápátá tomitomi nínú. Rìwáyà tó wá wò ó ní mótọ̀ ẹ̀ ti jó, kí n mú 70,000 náírà wá. Ọkọ mi ní kí n jù ú nù kí n padà sídìí báàfù. Ṣé kí n sanwó ni, àbí kí n kúkú ra òmíràn tó ní dráyà lára, torí òjò ò jẹ́ káṣọ gbẹ? Èmi Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí 70,000 yẹn ṣì wà lápò yín ná. Mi ò sọ pé rìwáyà yín purọ́ o, mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, mótọ̀ kọ́ lohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mótọ̀ tó jó ò lè kó nǹkan funfun sáṣọ lára. Òórùn tiẹ̀, òórùn wáyà tó jóná ni, kì í ṣe òórùn gọ́tà. Ẹ̀rọ tí mótọ̀ ẹ̀ bá sì ti ń jó lọ, kí ló fẹ́ fi máa fò? Àìsàn mẹ́rin lẹ̀yin rí, èmi rí ẹyọ kan tó bí àwọn tó kù: ọṣẹ yín ti pọ̀ ju omi tí ẹ̀rọ yẹn ń rí lò lọ, kò sì sẹ́ni tó tíì fọ ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ látọjọ́ tí ẹ ti gbé e wọlé. Fífò tó ń fò nìkan ló ṣeé ṣe kó ní ẹjọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, a máa débẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ọṣẹ àti omi ló ń wà nínú ẹ̀ nígbà gbogbo, kí la tún fẹ́ fọ̀ lára ẹ̀. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń rò ó nìyẹn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n máa pe irú wa.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọṣẹ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé tí mò ń dé, ì báà jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ì báà jẹ́ Ọ̀yọ́. Àwa tó jẹ́ pé báàfù ni wọ́n fi tọ́ wa, tí ọṣẹ ò bá tíì hó dé ìgbọ̀nwọ́, a ò gbà pé aṣọ ń mọ́. Kò burú, torí ọwọ́ la fi ń gbo ó, ìhó yẹn ń bá ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ oníwájú ò gbo nǹkan kan ní tiẹ̀. Omi díẹ̀ ló máa ń fà, á máa gbé aṣọ lọ sókè, á máa jù ú sílẹ̀ sínú omi yẹn, bó ṣe ń já lulẹ̀ gbàà gbàà yẹn gan-an ló ń lé ìdọ̀tí jáde. Tí ìhó bá wá kún inú ìlù, ìyẹn agolo ńlá tó ń gbé aṣọ yí, orí ìhó laṣọ ń já sí, kò dún, kò mọ́, ó kàn ń sùn ni. Kò tún tán síbẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ẹ̀ tó ń lo atẹ́gùn láti mọ bómi ṣe ga tó, ìhó ọṣẹ máa ń tan ìyẹn jẹ, ẹ̀rọ á rò pé omi ṣì pọ̀ nínú, á kọ̀ kò ní fún aṣọ, tàbí kó tún fa omi mìíràn wọlé pé òun fẹ́ ṣan án, ẹ máa wò ó pé wákàtí kan ló kọ sójú, wákàtí méjì ti kọjá kò tíì tán. Pọ́ǹpù tó ń tú omi síta náà, omi ni wọ́n ṣe é fún, tó bá jẹ́ ìhó ló kún ẹnu ẹ̀, á kàn máa yí lásán ni, omi ò ní jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó dá tiyín dúró nìyẹn, tí kì í bá ṣe pé nǹkan há pọ́ǹpù náà lẹ́nu.

Ọṣẹ tí kò wá ṣàn lọ tán ńkọ́? Á lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìlù níbi tójú ẹnikẹ́ni ò tó, á gba ìdọ̀tí ara, epo, irun àti òwú aṣọ mọ́ra, gbogbo ẹ̀ á di ọ̀rá yọ̀rọ̀ kan. Omi tútù lẹ fi ń fọ̀ nígbà gbogbo, mo fẹ́ fi dá yín lójú pé bẹ́ẹ̀ ni torí owó iná ni gbogbo wa ń sá fún, ẹ tún wá ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa gbáà lẹ́yìn tẹ́ ẹ kó aṣọ jáde, inú ẹ̀ tutù, ó ṣókùnkùn, atẹ́gùn ò wọlé, ó gbọ́dọ̀ bu náà ni. Ẹ fọwọ́ ya rọ́bà ẹnu ọ̀nà ẹ̀ sísàlẹ̀, ní abẹ́ níbi tó ti ká kò yẹn, ẹ máa rí dúdú dúdú tó ń yọ̀. Ibẹ̀ lòórùn yẹn ti ń wá, ibẹ̀ àti ẹ̀yìn ìlù. Ẹ wá gbọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyáálé ń ṣe tí òórùn bá bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n máa da nǹkan olómi tó ń mú aṣọ rọ̀, tí wọ́n ń pè ní "softener", sí i láàpọ̀jù kó lè máa ta sánsán. Ọ̀rá wà nínú nǹkan yẹn o! Ẹ ń fún ohun tó ń rùn lóúnjẹ ni. Ẹ dín in kù, tẹ́ ẹ bá sì lè fi í sílẹ̀ fún oṣù kan, ẹ fi í sílẹ̀.

Báwo wá ni ọṣẹ ṣe yẹ kó tó? Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ẹ̀rọ ló wà fún, wọ́n máa ń kọ "automatic" sára páálí ẹ̀, torí wọ́n ti dín híhó rẹ̀ kù látibi tí wọ́n ti ṣe é. Fún ẹ̀rọ 7kg tí aṣọ kún inú ẹ̀ dáadáa tí kò sì dọ̀tí jù, ṣíbí ìjẹun méjì tó, kó jẹ́ mẹ́ta fún yunifọ́ọ̀mù àwọn Ìbejì tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀. Tó bá jẹ́ ọṣẹ báàfù náà lẹ rí, ṣíbí kan, kẹ́ ẹ máa wo ojú gíláàsì. Nígbà òjò tó jẹ́ pé omi òjò lẹ gbè sí táǹkì, ẹ tún lè dín in kù sí i, omi òjò rọ̀, kì í pẹ́ kó tó hó. Mo mọ̀ pé ó máa dà bí ahun lójú yín. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò ná kẹ́ ẹ tó bá mi jà.

Ọ̀rọ̀ nǹkan funfun yẹn, omi ló kù níbẹ̀. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ tẹ́ ẹ ń da ọṣẹ sí jáde pátápátá. Tẹ́ ẹ bá bá ọṣẹ tó ti dì gán-ín sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, a jẹ́ pé omi tó ń wọlé ò lágbára tó láti gbá ọṣẹ lọ, díẹ̀ ló ń gbé, èyí tó kù á máa já wọlé bó ṣe wù ú, nígbà míì tó jẹ́ ìgbà ìṣanṣọ ni, aṣọ á sì gbé e jáde síta fún yín. Agbára omi, gíga táǹkì ni o, kì í ṣe bí táǹkì ṣe tóbi tó. Omi gbọ́dọ̀ fi mítà 10 ga kó tó fún yín ní bar 1. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníwájú ló sì ń béèrè ó kéré tán bar 0.3 tàbí 0.5, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá, ìyẹn ni pé táǹkì yín gbọ́dọ̀ fi mítà 3 sí 5 ga ju ẹ̀yìn ẹ̀rọ níbi tómi ti ń wọlé lọ. Ẹ wá wo stáńdì táǹkì tó wà ládùúgbò wa, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò tó òrùlé bọ́ńgálò. Ẹni tó bá tún lọ gbé ẹ̀rọ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò kúkú fẹ́ kómi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó bínú sí táǹkì, ẹ ti omi pa, ẹ tú páìpù kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ máa rí asẹ́ kékeré kan lẹ́nu ibi tómi ń gbà wọlé, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Iyanrìn bọ́hòòlù máa ń dí i. Ẹ fi píláyà fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ ò lò mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà, ẹ má sọ pé kò pọn dandan, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ sọnù, inú ẹnu ọ̀nà omi gan-an ni iyanrìn máa lọ há sí, á máa jo omi wọlé kódà nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa. Tí asẹ́ mọ́ tí omi ò tún lágbára, ẹ máa po ọṣẹ yín mọ́ omi gbígbóná díẹ̀ nínú jọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó dà á sí dúrọ́ọ̀, tàbí kẹ́ ẹ ra ọṣẹ olómi. Ẹni tówó ẹ̀ bá gbé e lè ní kí púlọ́mbà fi pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi sójú páìpù, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ iná lòun náà ń jẹ.

Omi tún lè le. Kì í ṣe gbogbo bọ́hòòlù, ti ilé kan lè le kí ti ilé kejì má le, kẹ́tùlù yín ló máa jẹ́rìí: tí nǹkan funfun líle bá ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, nǹkan yẹn náà ló ń lẹ̀ mọ́ irin tó ń gbé omi kaná nínú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ lomi tó le ò sì jẹ́ kí ọṣẹ ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì á jọ di èérí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fọ ẹ̀rọ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ lè gbà mí gbọ́, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tú omi ẹ̀ dànù (mo máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa tú u nísàlẹ̀), ẹ kó aṣọ ìnura méjì tó mọ́ sínú ẹ̀, ẹ má fi ọṣẹ kankan sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó fọ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ fi iná fóònù wo ojú gíláàsì. Ìhó tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ọṣẹ àtijọ́ ni. Ẹ máa ṣan án báyìí títí tí kò fi ní hó mọ́, ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ra sítíríìkì ásíìdì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà búrẹ́dì àti kéèkì tàbí àwọn tó ń ta kẹ́míkà lọ́jà, nǹkan bí gíráàmù 100, ẹ dà á sínú ìlù tó ṣófo, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí 60 tàbí 90 lórí ìgbóná omi, kó fọ̀ parí. Fínígà náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n fínígà ní gbogbo ìgbà ò dáa fún rọ́bà ẹnu ọ̀nà, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ti rọ́bà tó bu yẹn, jíìkì díẹ̀ lórí àkísà tó tutù, ẹ nù ún, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣan án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: jíìkì àti ásíìdì tàbí fínígà ò gbọ́dọ̀ pàdé, kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà, gáàsì tó máa tibẹ̀ jáde ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ sì ní ọmọ nílé. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kó máa rí omi gbígbóná láìsí aṣọ nínú, ilẹ̀kùn ẹ̀ kó máa wà ní ṣíṣí díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ò bá lò ó, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ́jú tó àwọn Ìbejì o, ọmọdé máa ń fẹ́ wọ inú ẹ̀ lọ sá pamọ́.

Omi tó dúró sínú ẹ̀ báyìí ńkọ́? Ẹ yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára iná. Ní ìsàlẹ̀ iwájú ẹ̀, ilẹ̀kùn pélébé kan wà níbẹ̀, apá ọ̀tún ló sábà máa ń wà, ẹ fi kọ́ìnì tàbí ẹnu ọ̀bẹ ṣí i. Ẹ tẹ́ àkísà sílẹ̀, ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ẹ̀, ẹ yí ìdérí inú ẹ̀ sápá òsì díẹ̀díẹ̀, omi á máa sun jáde, tí abọ́ bá kún kẹ́ ẹ dé e padà kẹ́ ẹ dà á nù, ẹni tó bá kánjú tú u lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ló máa nù. Tómi bá tán, ẹ fa ìdérí náà jáde. Mo ti bá kọ́ìnì níbẹ̀ rí, píìnì irun, wáyà kọ́mú, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ jòjòló, àti eegun ẹja kan tó jẹ́ pé àwọn onílé ò rí àlàyé ṣe lórí ẹ̀ títí di òní. Ẹ tan iná fóònù sínú ihò yẹn, ẹ máa rí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn. Ẹ fi ìka yí i. Kò ní yí gbọ̀rọ̀ gbọ̀rọ̀, á máa fà á máa já ni, torí mágínẹ́ẹ̀tì ló wà lẹ́yìn ẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti bàjẹ́. Èyí tó ti bàjẹ́ ni èyí tí kò yí rárá tàbí tó ń yí tí kò ní ìfà kankan. Oṣù méjì méjì ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣí ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ "ẹ̀rọ mi ti kú" ni mo ti fi kọ́ìnì jí dìde.

Fífò wá kù. Tó bá jẹ́ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á ló ti ń fò, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀, bóyá bọ́ọ̀tì gígùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ torí ìrìn ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kí wọ́n tó lò ó. Tó bá jẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà ni, ẹ gbé abọ́ omi lé e lórí, ẹ wo ibi tómi fì sí, ẹ yí ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí tó fi máa jókòó, kẹ́ ẹ wá fún nọ́ọ̀tì tó wà lórí ẹsẹ̀ náà le kó má tún yẹ̀. Ẹ má gbé e sórí pákó tàbí fóòmù, sìmẹ́ǹtì ni kó dúró lé. Búláńkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan náà burú, gbogbo ìwúwo ẹ̀ á lọ sápá kan, ẹ fi aṣọ ìnura méjì bíi tì í. Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ tó ṣì ń fò, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ fọwọ́ yí ìlù náà láìsí aṣọ nínú, ẹ tẹ́tí. Tó bá ń kùn hùùù, tẹ́ ẹ bá gbé etí ìlù sókè tó ń mì kọ̀ǹgọ̀ kọ̀ǹgọ̀, bẹ́rìn, irin tó ń jẹ́ kí ìlù yí gbọ̀rọ̀, ti lọ nìyẹn. Tí kò bá kùn, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ ìlù sísàlẹ̀ tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ ló ń jó lọ jó bọ̀ kò dúró, ṣọ́ọ̀kì tó gbé e ró ló ti rọ̀, ìyẹn ò le tó bẹ́rìn.

Ẹ wò ó báyìí, ọ̀rọ̀ mótọ̀ tí rìwáyà sọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní káábọ́ọ̀nù méjì tó ń fọwọ́ kan ara mótọ̀ bó ṣe ń yí, wọ́n máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tí wọ́n bá ti kúrú jù, mótọ̀ ò ní yí mọ́, ẹni tí kò bá tú u wò á ní ó ti jó. Owó káábọ́ọ̀nù ò jọ ti mótọ̀ rárá. Nítorí náà ẹ bi í: ṣé ẹ tú u? Ẹ fi káábọ́ọ̀nù ẹ̀ hàn mí. Ṣé bẹ́lítì ò já? Àwọn ẹ̀rọ tuntun míì ò ní káábọ́ọ̀nù o, wọ́n máa ń kọ "inverter" sí wọn níwájú, ti irú ìyẹn, bọ́ọ̀dù tó ń darí mótọ̀ ló sábà máa ń lọ ṣáájú mótọ̀. Tó bá wá jẹ́ mótọ̀ náà ni lóòótọ́, kó fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín, kó sì kó ògbólógbòó fún yín tó bá pààrọ̀ ẹ̀ tán. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Iná ni mo bẹ̀rù ju mótọ̀ lọ. 220 sí 240 fóòltì (V) ló yẹ kẹ́rọ yẹn máa jẹ, tí iná bá lọ sílẹ̀ gan-an, tí gílóòbù ń pọ́n bí ẹ̀yinná, mótọ̀ á máa tiraka, súwíìṣì orí bọ́ọ̀dù á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́. Èyí tó máa ń pa bọ́ọ̀dù gan-an ni ìgbà tí wọ́n bá dá iná padà dé lójijì. Tí wọ́n bá ti mú iná, ẹ yọ wáyà, ó dìgbà tó bá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a padà, tàbí kẹ́ ẹ ra ẹ̀ṣọ́ iná tó máa ń dúró fúnra ẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná kọjá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé fífọ̀ pẹ̀lú omi tútù níbòmíì, àmọ́ irin tó ń gbé omi kaná fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ 2,000 wáàtì, kò lè gbé ìyẹn, sítébíláísà kékeré náà ò lè gbé e. Tí ara ẹ̀rọ bá sì ń gbé yín nígbà tọ́wọ́ yín tutù, ẹ má fọ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n á fi ṣe áàtì ilé yín, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká máa mú sùúrù.

Ká wá sọ òótọ́ nípa ká tún un ṣe tàbí ká ra òmíràn. Tó bá jẹ́ ọṣẹ, asẹ́, pọ́ǹpù, káábọ́ọ̀nù tàbí ṣọ́ọ̀kì, ẹ tún un ṣe, ọdún méjì ò tíì tó nǹkan fún ẹ̀rọ tó dáa. Tó bá jẹ́ bẹ́rìn, ẹ béèrè kí wọ́n tó tú u bóyá ìlù òde ẹ̀ ṣeé ṣí. Àwọn kan wà tí wọ́n jó ìlù òde ẹ̀ pa láti iléeṣẹ́, kò ṣeé tú láìfi ayùn là á, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ra odidi ìlù, iye ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ẹ̀rọ tuntun, níbẹ̀ ni mo lè ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì máa rà, ẹ má jẹ́ kí ojú ayé tì yín láti ra oníhò méjì tẹ́ ẹ ń fi gárawá da omi sí. Kò mọ̀ bóyá táǹkì ga, kò ní bọ́ọ̀dù tí iná máa pa, rìwáyà ojú pópó ní Tákíé lè tún un ṣe, iná tó ń jẹ ò tó nǹkan. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹ máa dúró tì í, ẹ̀yin lẹ máa kó aṣọ láti ihò kan sí èkejì, omi tó ń lò sì pọ̀. Fún ilé tómi ti ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí iná sì ń já ní gbogbo ìgbà, èmi á yan oníhò méjì ju oníwájú lọ, báwọn èèyàn bá fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ yín tó ní kẹ́ ẹ padà sídìí báàfù, ẹ ní kó kọ́kọ́ fọ búláńkẹ́ẹ̀tì kan ká wò ó. Àmọ́ aṣọ òfì Ìsẹ́yìn ẹ̀, gèlè, léèsì olókùúta, ìwọ̀nyẹn ò gbọ́dọ̀ rí ojú ẹ̀rọ kankan.

Dráyà ńkọ́? Ihò kejì tó ń yí fìrìrì nínú oníhò méjì, tí gbogbo ayé ń pè ní dráyà, omi ló ń fún jáde lára aṣọ, kò ní ooru kankan, ẹ ṣì máa sá a. Èyí tó ń fi ooru gbẹ aṣọ lóòótọ́ sábà máa ń jẹ bíi 2,000 sí 3,000 wáàtì fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó sì jẹ́ ẹ̀rọ kan náà ló ń fọ̀ tó tún ń gbẹ, aṣọ tó lè gbẹ lẹ́ẹ̀kan máa ń kéré sí èyí tó lè fọ̀, ẹ máa rí i lára ẹ̀ bíi 8kg fún fífọ̀ àti 5kg fún gbígbẹ. Ẹni tó bá wá kó gbogbo 8 náà sínú ẹ̀ pé kó gbẹ, á kó o jáde ní tútù, ní kíkájọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọyẹ́ á ti gbẹ aṣọ kí dráyà tó gbóná, kìkì ìgbà òjò ló lè wúlò, ẹ wá rò ó bóyá oṣù mélòó kan lọ́dún tó owó yẹn. Okùn lábẹ́ òrùlé pẹ̀lú fáànù tó ń fẹ́ sí i kì í tètè gbẹ ẹ́ bíi dráyà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá ti fún aṣọ yẹn dáadáa, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a. Tẹ́ ẹ bá rà á ṣáá, òwú tó ń kó jọ sínú asẹ́ ẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lò ó ni kẹ́ ẹ yọ ọ́ dànù, òwú yẹn ń gbiná. Aṣọ tí epo pupa tàbí òróró ta sí, aṣọ ìbùsùn tí òrí ti mu, àkísà ìdáná, tí epo ẹ̀ ò bá tíì jáde tán, ẹ má gbé e sínú ẹ̀ rárá, torí aṣọ elépo tó gbóná tí wọ́n ká jọ lè máa gbóná sí i fúnra ẹ̀ títí tó fi máa gbiná, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Tó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má wo bó ṣe ń dán níwájú, ẹ lọ sẹ́yìn ẹ̀ lọ ka àkọlé ẹ̀: èyí tí wọ́n kọ 120V àti 60Hz sí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, tẹ́ ẹ bá fi í sínú iná wa báyìí ó máa jó, ìyẹn gan-an wá ni mótọ̀ tó jó.